Tírélà Tí Ìyá Kékeré Máa Fà

4 Oṣù Kẹta

Ìyá Kékeré mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun lásìkò? Ṣé òtútù tó o sọ níjọ́sí ti dín kù? Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn níbí. Màmá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ tèmi sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé o máa ní, "Bàbá, ṣebí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú?" Ta ló sọ ọ́? Màmá rẹ ló gba fóònù. Ó kí ọ, o kí i, ó tún kí ọ, ó béèrè bóyá o ti ra kóòtù tó nípọn. Ìgbà tó máa fi na fóònù sí mi, ohun tí mo gbọ́ kò ju "Ẹ kú ilé, sà" lọ, ó gé. Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sídìí bírò àti ìwé. Èyí, kò sẹ́ni tó lè já a gbà lọ́wọ́ mi.

Mo bá ọ yọ̀. Ọdún mẹ́fà lo fi gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí àwọn ẹlòmíì, o tún wá àyè kọ́ ọkọ̀ ńlá mọ́ ọn, o sì yege. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Bàbá Má-sáré tó ń gbé lójúlé kejì sí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ ọ́n, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń kọjá lára ọkọ̀ rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ó ní, "Kí ló máa máa fà?" Mo ní, "Báwo?" Ó ní, "Orí ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan. Ohun tí wọ́n bá so mọ́ ọn lẹ́yìn lọ̀rọ̀ wà." Ó ní oríṣiríṣi ló wà, pé ẹni tó bá yan èyí tí kò bá a lára mu, ó ti ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ó tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé táńkà fún mi, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bó ṣe máa ń ṣubú. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa.

Màmá rẹ ní ó gbọ́ lẹ́nu rẹ pé ilé-iṣẹ́ yín fẹ́ kó o yan ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò rántí orúkọ ìkankan nínú wọn. Jọ̀ọ́, kọ wọ́n sílẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Má fi fọ́tò ránṣẹ́ o. Ojú fóònù màmá rẹ ti fọ́, gbogbo ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn àwọ̀n.

Èyí tí ẹrù rẹ̀ bá wà nínú ilé, tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ìyẹn ló wù mí. Mo ti sọ tèmi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.


19 Oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màámi, ẹ sì kú ìnira tírélà tẹ́ ẹ ò tíì rí. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọkùnrin tó jókòó tì mí níbi tá a ti ń jẹun béèrè bóyá ìwé ìfẹ́ ni mò ń kà. Mo ní bàbá mi ló kọ ọ́. Ó ní bàbá òun ò kọ̀wé sí òun rí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àkọ́kọ́ ni alápòótí. Ó rí bíi yàrá gígùn tí kò ní fèrèsé. Wọ́n á kó ẹrù sínú rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fi èdìdì sí i, mi ò tiẹ̀ ní mọ̀ bóyá bàtà ni tàbí ìwé. Tèmi ni kí n ṣáà wà á débẹ̀. Mo mọ̀ pé òun lẹ máa fẹ́. Dídúró ni ìṣòro rẹ̀. Bí èèyàn bá dé ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n á ní kó lọ dúró síbì kan, ó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà, kò sẹ́ni tó máa kí i kú ìjókòó.

Oní-fíríìjì tẹ̀ lé e. Àpótí náà ni, àmọ́ ó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tó ń mú ẹran àti ẹ̀fọ́ tutù, ẹ́ńjìnnì yẹn kì í sì í sinmi. Tó bá kú lójú ọ̀nà, tí ẹran bàjẹ́, wọ́n á ní awakọ̀ ló jẹ̀bi. Ní ti táńkà, Bàbá Má-sáré ò parọ́. Tí omi inú rẹ̀ ò bá kún, tẹ́ ẹ wá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á dúró ṣùgbọ́n omi ò ní dúró. Á sáré wá síwájú, á ti ọkọ̀ lọ. Wọ́n gbé wa jókòó sínú ọ̀kan tí omi rẹ̀ ò ju ìdajì lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, ó tó.

Èyí tó kù ni onípẹpẹ. Pẹpẹ irin gbalaja ni, kò ní ògiri, kò ní òrùlé. Irin, páìpù, pákó àti ẹ̀rọ ńlá ńlá ni wọ́n ń gbé lé e, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì máa fi ṣéènì àti okùn pẹlẹbẹ so ó, á tún fi tapólì bò ó. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa jẹ́ obìnrin tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọ̀gá Ìbọ̀wọ́ là ń pè é, torí kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ jẹun. Ó ní wàhálà onípẹpẹ pọ̀, àmọ́ àwọn tó ń ta irin kì í ṣí lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń fà á máa ń wà nílé ní Sátidé àti Àìkú. Bàbá mi, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mi ò ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Sátidé. Yàrá mi tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù yìí, bẹ́ẹ̀dì kan, kẹ́tùrù kan, fèrèsé tó kọjú sí ògiri, ó máa ń wù mí kí n jókòó sínú rẹ̀ lójú ọ̀sán kí n wo bó ṣe rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ní ká so pákó. Àwa mọ́kànlá ni, èmi nìkan lobìnrin. Àwọn yòókù ń wo ojú ara wọn. Ní tèmi, ọwọ́ yín ni mò ń rí. Mo rántí bí mo ṣe máa ń ti ilé ìwé wá bá yín níbi iṣẹ́ ní ilé ìlagi, tẹ́ ẹ máa gbé mi jókòó sórí àwọn pákó tẹ́ ẹ ti so tán, tẹ́ ẹ á máa so èyí tó kàn. Mo so tèmi. Ọ̀gá Ìbọ̀wọ́ fi ẹsẹ̀ tì í, kò mì. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní bàbá mi.

Onípẹpẹ ló wù mí. A ní títí di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún láti fọwọ́ sí i, ẹni tó bá sì ti fọwọ́ sí ọ̀kan ò lè pààrọ̀ rẹ̀ títí ọdún kan á fi pé. Ẹ fún mi lóhùn. Mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìgbọ́ "ó dáa bẹ́ẹ̀" lẹ́nu yín.

Ọmọ yín.


2 Oṣù Kẹrin

Ìyá Kékeré,

Mo rí ìwé rẹ gbà. A dúpẹ́ pé ara rẹ le.

Rárá.

Mo kọ ìdáhùn náà sókè kó o má baà máa wá a kiri. Onípẹpẹ kọ́. Òjò á máa pa ọ́. Oòrùn á máa pa ọ́. Tapólì tó ò ń sọ yẹn, mo mọ bó ṣe máa ń wúwo tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, atẹ́gùn lè gbé òun àtìwọ lọ sínú oko olóko. Ṣé torí kó o lè máa gun orí ẹrù ni mo ṣe rán ọ lọ sílé ìwé? Iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn máa bí ọ nínú, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́, n ò ní pa á rẹ́.

O ní wákàtí mẹ́fà ni alápòótí máa ń dúró. Kí ló burú níbẹ̀? Kàwé. Rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ rẹ. Sùn. Kọ lẹ́tà sí mi.

Ní ti pé mò ń gbé ọ jókòó sórí pákó, eré ni mò ń bá ọ ṣe. N ò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Bàbá Má-sáré ní kí n kí ọ. Ó gbè sẹ́yìn mi lórí ọ̀rọ̀ táńkà, àmọ́ ó ní òun ò rí ohun tó burú nínú pẹpẹ. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀.

Tó o bá ti yan alápòótí, kọ̀wé kí n mọ̀. Tó bá jẹ́ òmíràn lo yàn, n ò mọ ohun tí mo máa sọ.

Bàbá rẹ.

*Èmi ni o. Ó ní kí n lọ fi ìwé yìí ránṣẹ́, mo bá fi ooru omi gbígbóná ṣí i. Má da ara rẹ láàmú lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin yẹn, òun gan-an ò gbà á gbọ́. Tí òrùlé bá ń jò nílé yìí, ṣebí èmi ni mò ń gùn ún, òun á dúró sísàlẹ̀, á máa pariwo. Bi í léèrè ìdí tó fi kúrò ní ilé ìlagi. Èmi ò lè sọ ọ́, ó ti mú mi búra. Máa wọ súẹ́tà. Màmá rẹ.*


16 Oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ara mi le.

Inú ọkọ̀ ni mo ti ka ìwé yín. Mo kà á tán, mo fi sápò, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọ gbogbo gíláàsì ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Inú bí mi. Mi ò ní parọ́ fún yín.

"N ò kọ́ ọ ní nǹkan kan." Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn wò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tẹ́ ẹ gbé ọwọ́ mi lé okùn tó ti le, tẹ́ ẹ ní kí n ta á bíi ti gìtá kí n gbọ́ bó ṣe ń dún, lẹ́yìn náà ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ ní kí n tún ta á. Títí dòní, etí ni mo fi ń mọ okùn tí kò le tó. Àwọn mẹ́wàá yòókù ń fi ojú wò ó. Ṣé eré nìyẹn?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, ẹ má sì bi mí ẹni tó ní kí n béèrè. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kúrò ní ilé ìlagi? Ẹ sọ fún wa pé ẹ̀yìn ló ń dùn yín. Ẹ̀yìn tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ so pákó mọ́, òun náà lẹ fi ń ro gbogbo àyíká ilé láàárọ̀ Sátidé.

Mo ṣì ń retí ohùn yín. Ó ku ogójì ọjọ́.

Ọmọ yín.


12 Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Mi ò tíì rí èsì. Mo ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. Màámi ní ara yín le, pé ẹ jáde. Mo ní ibo lẹ lọ, ó ní òun ò mọ̀. Màámi tó mọ iye ìgbà tẹ́ ẹ sín lóòjọ́, ibo lẹ wá ń lọ ní gbogbo Àìkú tí kò fi mọ̀?

Tó bá jẹ́ ìwé tí mo kọ gbẹ̀yìn ló bí yín nínú, ẹ má bínú. Mo máa ń gbóná lẹ́nu, ọ̀dọ̀ yín náà ni mo ti jogún rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ọ̀gá Ìbọ̀wọ́ fi mú mi rìn pẹ̀lú onípẹpẹ. A gbé páìpù irin lọ síbì kan tí wọ́n ti ń la ojú ọ̀nà. Ọwọ́ mi ti bó, apá ń ro mí, mi ò lè gbé ife tíì láìlo ọwọ́ méjèèjì. Ẹ má sọ pé ẹ ti wí bẹ́ẹ̀. Mi ò dùn báyìí rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bó jẹ́ "rárá" náà lẹ tún fẹ́ kọ, ẹ ṣáà kọ ọ́.

Ọmọ yín.


24 Oṣù Karùn-ún

Ìyá Kékeré mi,

Dákun, má bínú pé mo dákẹ́. Ìwé mẹ́rin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo fà ya. Màmá rẹ ní tí mo bá fa ìkarùn-ún ya, òun á bá mi kọ ọ́.

Ṣé o rántí Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín? Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. A sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó kó lọ lóòótọ́. Ohun tá ò sọ ni pé ẹsẹ̀ kan ló gbé lọ.

Ọjọ́ tó o fẹ́ rìnrìn àjò ni. Ọkọ̀ kan fẹ́ gbé gẹdú jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ló sì kàn láti so ó. Mo so ó dáadáa. Títí dòní, mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n igi gbọrọgbọrọ kì í ṣe pákó pẹlẹbẹ. Tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, tó ti bọ́ sí kòtò méjì mẹ́ta, àwọn igi á wálẹ̀, wọ́n á wá àyè jókòó sí, ṣéènì á sì dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá ọkọ̀ lọ títí dé oríta àkọ́kọ́, màá tún un fà le, màá wá fẹsẹ̀ rìn padà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, n ò bá a lọ. Mo wo aago, mo rò pé wọ́n á ti gbé ọ lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kí n tó dé. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ. Mo sáré wálé, mo fọ ẹsẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, mo gbé báàgì rẹ. Inú mi ń dùn.

Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ló bá ọkọ̀ náà lọ láti já ẹrù. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn igi ti fì sí apá kan. Apá yẹn gan-an ló dúró sí tó fi tú ṣéènì. Wọ́n yí lù ú.

Ìgbà tí mo máa fi sìn ọ́ tán tí mo padà délé, wọ́n ti ń wá mi.

N ò lè so ẹrù mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. N ò sì lè sọ fún ọ, torí mo mọ irú ọmọ tó o jẹ́, o máa ní nítorí rẹ ni. Kì í ṣe nítorí rẹ. Àgbà ni mí, mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì fi apá kan rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó o wá kọ̀wé pé pẹpẹ ló wù ọ́, n ò rí pẹpẹ náà. Ibi tí Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín dúró sí ni mo rí, ìwọ ni mo sì rí níbẹ̀.

Àwọn ọjọ́ Àìkú yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Fún ọdún mẹ́fà, n ò dé ibẹ̀ rí. Ìgbà méjì ni mo dé ẹnu ọ̀nà tí mo yí padà. Nígbà kẹta, ó rí mi lójú fèrèsé. Ó ní, "Ìwọ! Ṣé owó orí lo wá gbà ni, tó o ń yọ́ yí ilé mi ká?"

Mo wọlé, mo jókòó, mo sọ fún un pé n ò bá ọkọ̀ dé oríta lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Ṣé ìyẹn lo ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí? Ṣebí inú ọkọ̀ náà ni mo wà. Àbí o rò pé n ò mọ̀ pé ìwọ ò sí níbẹ̀? Èmi náà ì bá sọ̀ kalẹ̀ lóríta kí n fà á le. Ebi ló ń pa mí, mo ní kí dẹ́rẹ́bà ṣáà máa lọ." Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló wá gbé ọ wá lónìí?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un.

Ó ní, "Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sórí pákó yẹn? O wá ní kó má ṣe é? Nítorí ẹsẹ̀ mi? Jọ̀ọ́ o, má fi ẹsẹ̀ mi ṣe ìyẹn. Kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé ibi tí ẹrù bá fì sí, kó má dúró síbẹ̀. Kó kọ́kọ́ yí i po, kó wò ó dáadáa, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan."

Mo ti sọ fún ọ báyìí. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí mo kọ níjọ́sí, pa á rẹ́ bá mi. Yan onípẹpẹ rẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ.


26 Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Òní lọjọ́ náà. Ìwé yín ò dé. Mo lọ wo àpótí lẹ́tà láàárọ̀, mo tún padà lọ wò ó kí n tó jáde, bíi pé wọ́n lè ti gba abẹ́ ilẹ̀ gbé e wá.

Akọ̀wé ọ́fíìsì na bírò sí mi. Fọ́ọ̀mù náà kò ju ojú ìwé kan lọ, èèyàn kàn máa fàmì síwájú orúkọ tírélà kan ni. Mo fàmì sí alápòótí. Ọ̀gá Ìbọ̀wọ́ tó wà lẹ́yìn mi yọjú wò ó, ó ní, "Ìwọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jáde.

Kì í ṣe pé mo gbà pẹ̀lú yín. Mi ò gbà. Àmọ́ ọ̀nà yìí gùn, èmi nìkan ni mo máa wà nínú ọkọ̀, mi ò lè máa rìn ín káàkiri kí ẹ̀yin wà nílé kẹ́ ẹ máa yan odì. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ni mo ṣe. Ẹ wá kọ̀wé sí mi báyìí, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín.


10 Oṣù Kẹfà

Ìyá Kékeré mi,

Ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì péré kó o tó fọwọ́ sí i ni mo kọ ìwé mi. Ó ti wà lójú ọ̀nà nígbà tó o ń wá a nínú àpótí lẹ́tà.

Mo jókòó sí pálọ̀. Màmá rẹ gbé oúnjẹ wá, nígbà tó yá ó gbé e kúrò. Ó ní, "Ohun tó o tọrọ lo rí gbà, kí ló tún ń ṣe ọ́?" Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí.

Mo kọ ìwé kan sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yín, ó wà nínú èyí. Mo fi èdè ilé ìwé kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: "Alàgbà, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé èmi, bàbá awakọ̀ yín tuntun, ti yí ọkàn mi padà lórí ọ̀rọ̀ tírélà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba alápòótí lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ fún un ní onípẹpẹ." Màmá rẹ ní, "Ta ni wọ́n mọ̀ ọ́ sí?" Tó o bá rò pé ó wúlò, fún wọn. Tí kò bá wúlò, fà á ya, má sọ fún mi.

Mo fi ìdákẹ́ mi dí ọ lọ́nà. Ó ń dùn mí gan-an.

Bàbá rẹ.


27 Oṣù Kẹfà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ìwé yín méjèèjì dé, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Èyí tó gùn, mo kà á nínú yàrá mi, mo sunkún, mo bọ́jú, mo tún kà á. Ẹ ti ní kí n má sọ pé nítorí mi ni, nítorí náà mi ò ní sọ ọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ òmíràn, bó tilẹ̀ burú: inú mi dùn pé ẹ wá sìn mí. Ká ní ẹ ò wá, mi ò mọ̀ bóyá mo máa lè wọ ọkọ̀ òfuurufú yẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ka nǹkan méjèèjì pọ̀. Mo kàn gbé wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Mo ka ìwé tẹ́ ẹ kọ sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fún Ọ̀gá Ìbọ̀wọ́. Nígbà tí mo dé ibi "ti yí ọkàn mi padà," ẹ̀rín mú un jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Ó ní kí n má fún wọn o, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Òfin ò yí padà, ọdún kan ni ọdún kan.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sídeè. Mo gbé ẹrù lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé. Mo já èdìdì, mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀pá rẹ̀ le. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni ká dúró síwájú rẹ̀ ká fi gbogbo agbára fà á. Mo ti gbé ẹsẹ̀ mi kalẹ̀ tán. Ni mo bá rántí Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín. Mo fi ọ̀pá náà sílẹ̀, mo yí i po, mo wò ó. Ilẹ̀kùn náà ti wú síta nísàlẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kúrò níwájú ilẹ̀kùn, mo ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn, mo ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì ṣí tó ẹsẹ̀ bàtà kan nígbà tí páálí táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Mo kà á, ó jẹ́ méjìlá. Ibi tí mo kọ́kọ́ dúró sí, táìsì fífọ́ ló kún ibẹ̀ dé kókósẹ̀.

Kò sí èyí tó kàn mí. Ẹ jókòó, ẹ mu omi. Kò kàn mí.

Tí ọdún bá pé, onípẹpẹ ni mo máa mú. Mi ò bi yín léèrè mọ́ o, mo kàn ń sọ fún yín ni. Ẹ bá mi kí Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún un pé mo yí i po.

Ọmọ yín.


12 Oṣù Keje

Ìyá Kékeré mi,

Mo ka ìwé rẹ débi ọ̀pá ilẹ̀kùn, mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún. Mo kà á débi páálí kejìlá, mo pe màmá rẹ pé kó wá bá mi parí rẹ̀. Òun ló ka "kò kàn mí" sí mi létí. Mo ní kó tún un kà.

Mo gbé e lọ fún Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ní Àìkú. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi sápò ara rẹ̀, ó ní tòun ni. Tó o bá rí i pé mo ṣi nǹkan kan sọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ìdí nìyẹn, ìwé ò sí lọ́wọ́ mi mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù alápòótí. Màmá rẹ ni ọ̀rọ̀ mi sú. Ó ní kí n jókòó, kí n sọ èyí tí n ò ní bẹ̀rù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ, kí kálukú sinmi. Mo jókòó sábẹ́ òrùlé iwájú ilé láti àárọ̀. Mo ro oní-fíríìjì, mo rí ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú sójú ọ̀nà, tí ìwọ nìkan dúró tì í. Táńkà, n ò tiẹ̀ ro ìyẹn dé ìdajì. Mo wá ro ó pé ká ní wọ́n fún ọ ní kẹ̀kẹ́ ológeere ńkọ́. Mo rí ajá tó lé ọ.

Oòrùn ti dé àtàrí nígbà tó yé mi. Kò sí èyí tí n ò ní bẹ̀rù, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ìwọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù yìí ò mọ ìyàtọ̀ tírélà kan sí òmíràn. Ó ti wà lára mi kó o tó mọ̀ ọ́n rìn. Kò sì yẹ kí n fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yan iṣẹ́ fún ọ.

Nítorí náà, fa alápòótí náà títí ọdún á fi pé. Lẹ́yìn náà, mú onípẹpẹ rẹ, tàbí kó o mú ohun tó bá wù ọ́, n ò ní kọ "rárá" mọ́. Ìwọ máa wakọ̀ níbẹ̀ yẹn. Èmi á máa bẹ̀rù níbí. Ó ti mọ́ mi lára, kì í sì í dí mi lọ́wọ́ oúnjẹ mọ́.

Bàbá rẹ.